Koríko Agboòrùn Nínú Ìkòkò: Bí Ó Ṣe Ń Gbé Inú Omi Láì Jẹrà

Omi àpọ̀jù ló ń pa ọ̀pọ̀ òdòdó inú ìkòkò. Bí omi bá ti kún inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ráyè mọ́, gbòǹgbò á sì jẹrà. Cyperus alternifolius, koríko tí ewé rẹ̀ ṣí sórí ọ̀pá bí agboòrùn, kì í kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá tirẹ̀. Àbàtà àti etí odò ní Màdágáskà àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ọ̀fíò tí à ń jẹ ni, òun àti papyrus tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe ìwé.

Bí a bá gé ọ̀pá rẹ̀ kan wò, inú rẹ̀ funfun, ó fúyẹ́, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Inú ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò tó wà nínú ẹrẹ̀.

Ìkòkò tí wọ́n lu nídìí ni kí a gbìn ín sí, kí a wá gbé e ka inú abọ́ tí omi rẹ̀ jìn tó ìka méjì. Omi yìí ò gbọdọ̀ gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí kò ní pẹ́ tí ṣóńṣó ewé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Èyí tó bá ti gbẹ ò ní tutù mọ́. Kí a gé e láti ìdí, òmíràn á hù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tanwíjí ṣeré o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí a da omi abọ́ nù, kí a sì fi kànrìnkàn fọ ara rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹyin ẹ̀fọn mìíràn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ló fẹ́. Ẹni tó bá ń gbìn ín nílùú Ọba ní láti gbé e wọlé kí òtútù ọ̀gìnnìtìn tó dé.

Bó ṣe ń bí sí i ló wuni jù. Létí odò, bí ọ̀pá tó ti gbó bá tẹ̀, tí orí rẹ̀ kan omi, gbòǹgbò á yọ láàárín àwọn ewé náà. Nílé, a lè gé orí kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ká ṣẹ́ ọ̀pá kúkúrú kù sí i, ká fi àlùmọ́gàjí gé ewé rẹ̀ dé ìdajì, ká wá dojú rẹ̀ dé sínú ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò funfun á yọ, ọ̀mùnú á sì tẹ̀ lé e. Bí gbòǹgbò bá ti gùn tó ìka, kí a gbìn ín sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá, kí a sì gbé e ka omi lọ́jọ́ náà gan-an.