Obìnrin kan ṣoṣo lórí kẹ̀kẹ́ ológeere l'Ékòó: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ nígboro Èkó, àwọn obìnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sì máa ń wá bi mí léèrè. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo dáhùn síbí.

Ẹ̀gbọ́n, Gbàgádà ni mò ń gbé, Yábàá ni ibi iṣẹ́ mi wà. Mo fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé ló kọ̀, wọ́n ní obìnrin kì í dá gun kẹ̀kẹ́ l'Ékòó. Ṣé ewu ọ̀hún tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?

Àbúrò, ewu wà, oríṣi méjì sì ni. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ibi tí èèyàn bá sá sí nítorí ọ̀kan ni èkejì ti ń dúró dè é.

Ewu kìíní ni ọkọ̀: dánfó, tírélà, ọ̀kadà tó ń gba wánwéè bọ̀. Ewu kejì ni èèyàn: àwọn tó ń já fóònù gbà, ọkùnrin tó fẹ́ fọwọ́ pa obìnrin lára, ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń sá fún ọkọ̀ á jáde ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí títì dá páropáro. Lóòótọ́ ni pé kò ní pàdé ọkọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ké, ta ni yóò gbọ́? Ẹni tó bá sì ń sá fún èèyàn burúkú á dúró títí ìgboro yóò fi kún, ibẹ̀ ló ti máa há sáàárín dánfó méjì tó ń du èrò.

Ewu kejì yìí ni àwọn ará ilé máa ń rò nítorí pé obìnrin ni ọ́, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí o bá ń gùn ún lọ, ọkọ̀ ló sún mọ́ ọ jù. Èèyàn burúkú kì í sábà lè mú ẹni tó ń lọ; ibi tí o bá ti dúró ló ń ṣọ́. Bí o ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lo fi ń dáàbò bo ara rẹ lọ́wọ́ ọkọ̀. Ibi tí o bá yàn láti dúró sí lo fi ń dáàbò bo ara rẹ lọ́wọ́ èèyàn. Lórí ìyẹn ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dúró.

Aago mélòó ló wá yẹ kí n máa jáde?

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí títì tó gbóná. L'Ékòó, oòrùn kì í yọ ṣáájú nǹkan bí aago 6:30. Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ó máa ń tó nǹkan bí aago 7:00. Ẹni tó bá jáde ní aago 5:30, inú òkùnkùn ló jáde sí. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, láàárín nǹkan bí aago 6:30 sí 7:00 ni oòrùn ń wọ̀, òkùnkùn kì í sì í pẹ́ dé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀gá bá dá ọ dúró níbi iṣẹ́ di aago méje, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o wọ mọ́tò lọ sílé.

Àmì tí èmi máa ń wò láàárọ̀ ni oníàkàrà àti àwọn ọmọ iléèwé. Bí epo oníàkàrà bá ti ń hó létí títì, tí àwọn ọmọ sì ti ń gbé báàgì lọ, ojú ti wà níta. Ojú àwọn èèyàn yẹn ni ààbò rẹ.

Etí títì gan-an ni mo máa ń fún ara mi mọ́ kí dánfó má baà gbá mi. Ṣé mo ṣe é re?

Rárá o, jọ̀ọ́, jáwọ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ilẹ̀kùn dánfó wà. Etí títì tí o fún ara rẹ mọ́ yẹn gan-an ni èrò ń bọ́ sílẹ̀ sí.

Etí rẹ ni yóò kọ́kọ́ gbà ọ́. Èrò kan á pariwo nínú ọkọ̀ pé, "Ó wà o!" Kọ̀ǹdọ́ á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀, gbà, gbà! Dẹ́rẹ́bà ò ní wo ẹ̀yìn. Á já ọkọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ǹdọ́ á sì ti kan ilẹ̀ kí táyà tó dúró. Bí o bá ti gbọ́ ariwo yẹn, tẹ bíréèkì méjèèjì, kí o dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Má gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá láé. Bí o bá fẹ́ yà á sílẹ̀, kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, na ọwọ́ òsì rẹ kí wọ́n rí i, kí o tó gba òsì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá ẹni tó bá ki yíápíìsì sétí lórí kẹ̀kẹ́ jà.

Fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín ìwọ àti etí títì. Iyanrìn wà níbẹ̀, ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, ìdérí gọ́tà tó ní àlàfo gígùn tó lè gbé táyà mì wà níbẹ̀. Àyè tó tó mítà kan náà ni kí o fún ọkọ̀ tí wọ́n bá páàkì, torí ìgbàkígbà ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn lù ọ́. Awakọ̀ tó bá bá ọ létí gan-an á rò pé àyè tó òun láti ré ọ kọjá ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Tó bá bá ọ níwájú rẹ̀ gbangba, á ní láti rọra tàbí kó yà. Á fọn fèrè, á sì bú ọ. Jẹ́ kó máa bú ọ. Ẹni tó ń bú ọ ti rí ọ.

Ti tírélà yàtọ̀. Má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó bá ti fẹ́ yà. Bí o kò bá rí ojú awakọ̀ nínú díńgí rẹ̀, òun náà kò rí ọ.

Ọ̀nà BRT ńkọ́? Ó máa ń ṣófo.

Bọ́ọ̀sì ńlá ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Bí ọ̀kan bá yọ lẹ́yìn rẹ, kò síbi tí o máa yà sí. Má gbà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990. Ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, kò ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́, eré tí ọkọ̀ ń sá níbẹ̀ kò kéré, bí táyà bá sì jò láàárín rẹ̀, omi lọ́tùn-ún, ọkọ̀ lósì. Ìwọ nìkan, má dé ibẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá wà ní Erékùṣù, bá àwọn ẹgbẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá pọ̀, tàbí kí o gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ dé òdìkejì.

Bí táyà bá wá jò lójú ọ̀nà, tí mo dá nìkan wà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ewu méjèèjì ti ń pàdé. Má dúró síbi tí táyà ti jò. Bọ́ sílẹ̀, kí o máa ti kẹ̀kẹ́ lọ títí wàá fi dé ibi tí èèyàn àti iná wà: ilé epo, iwájú báǹkì tó ní máìgádì, ìsọ̀ ìyá kan tó ń tajà. Bí rírìn náà bá ba táyà jẹ́, kó bà á jẹ́. Táyà ṣeé rà. Má dúró sábẹ́ afárá, má sì jẹ́ kí ẹni tó kàn ń kọjá fi ọkọ̀ gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́.

Fọ́kánáísà wà káàkiri Èkó, iṣẹ́ tíúbù kì í ṣe tuntun sí wọn. Ṣùgbọ́n wo ẹnu tíúbù rẹ kí o tó kúrò nílé. Bó bá nípọn bíi ti mọ́tò, ẹ̀rọ atẹ́gùn fọ́kánáísà á wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ní ìdè kékeré lórí, kò ní wọ̀ ọ́. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kó lè gba atẹ́gùn mọ́tò. Kò wọ́n, kò sì ju orí ìka lọ. Fi sínú báàgì rẹ pẹ̀lú tíúbù kan àti pọ́ǹpù kékeré. Sọ fún fọ́kánáísà kó rọra fún un ní atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀rọ yẹn lágbára, ó lè bẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ kí o tó ṣẹ́jú.

Kí ni mo máa sọ fún àwọn ọkùnrin tó ń pariwo lé mi lórí? "Sisí, gbé mi!" ni ojoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ wọn, ẹnu lásán ni. Má dáhùn, má dín eré kù. Àmọ́ fún àwọn tó máa ń wà lójú kan náà lójoojúmọ́, fọ́kánáísà, ọmọ ilé epo, àwọn tó wà ní gáréèjì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mi ò ní dúró, mi ò ní rẹ́rìn-ín jù. Tí o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, wàá di "àǹtí oníkẹ̀kẹ́", ẹnì kan nínú wọn á sì máa pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Ibi tó sún mọ́ ilé rẹ nìkan ni kí o má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Máa pààrọ̀ àdúgbò tí o ń yà gbà wọlé, má sì gbé àwòrán ọ̀nà tí o gbà sórí ayélujára lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ń fi ọkọ̀ tẹ̀ lé ọ, má kọjú sílé. Yí kẹ̀kẹ́ padà, kí o gba ibi tó ti wá. Ó máa pẹ́ kí ọkọ̀ tó rí ibi yí padà. Wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní èrò, kí o ké síta. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ pa ọ́ lára, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Èkó. Àjọ ìjọba tó ń rí sí irú rẹ̀, DSVA, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́: 08000 333 333.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ni mí. Ọmọbìnrin mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Akọka láràárọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí á fi dé. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kú àníyàn ọmọ, màmá. Ẹ ní kó máa fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8, ẹ̀yin á sì máa rí i bó ṣe ń lọ. Ẹ jọ fẹnu kò sí aago tó yẹ kó ti dé. Títí di aago yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é, torí fóònù tó bá ń dún nínú báàgì ń gba ọkàn ẹni tó wà láàárín ọkọ̀. Bí aago bá kọjá, tí ẹ pè é tí kò gbé fóònù, ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà yín àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú bébà tó máa wà lápò rẹ̀, torí fóònù lè fọ́ tàbí kí wọ́n jí i.

Ṣé òfin tí wọ́n fi lé ọ̀kadà kò kan kẹ̀kẹ́ tiwa?

Kò kàn án. Alùpùpù akérò ni òfin ọdún 2022 ń sọ.

Aṣọ wo ló dára?

Èyí tí o fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá lè wọ ṣéènì. Bí o bá wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí abáyà, fi ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, kí o ká etí rẹ̀ sókè; fi píìnì mú hìjáábù. Akoto kò ṣeé fojú fò, kó jókòó lé iwájú orí, kó má yọ sẹ́yìn ìpàkọ́. Wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí àwọn agbálẹ̀ LAWMA ń wọ̀, kí o tan iná pupa sẹ́yìn, ní ọ̀sán náà. Ní àsìkò òjò, má wọ omi tí o kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ibo ni kí n ti kọ́kọ́ dánra wò?

Bó bá jẹ́ Erékùṣù ló sún mọ́ ọ, lọ sí afárá Lekki sí Ìkòyí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. 2013 ni wọ́n ṣí i, kò gùn tó kìlómítà kan ààbọ̀, ó ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àwọn tó ń sáré ìdárayá sì máa ń wà níbẹ̀. Bí èrò bá pọ̀, bọ́ sílẹ̀ kí o ti kẹ̀kẹ́. Ìwọ tó o fẹ́ máa ti Gbàgádà lọ Yábàá, gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú bákan náà, rọra lọ, kí o sì ka ibi márùn-ún tí o lè sá sí bí táyà bá jò: ilé epo, báǹkì, fọ́kánáísà, iléèwòsàn, tẹ́ṣàn. Bí o kò bá rí márùn-ún, wá ọ̀nà mìíràn.