Ṣáláńgá lórí àpáta: bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe dé Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti gbẹ́ ṣáláńgá rí ní agboolé tó sún mọ́ Olúmọ yóò ròyìn. Ọkọ́ á wọlẹ̀ díẹ̀, á sì kan àpáta, gbàgà! Àpáta tó gba àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ogun ní 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀, òun náà ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn rí ihò gbẹ́ sẹ́yìnkùlé.

Níbẹ̀rẹ̀, ihò kò kan ẹnikẹ́ni. Inú ìgbẹ́ ni gbogbo ayé ń lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: ìgbẹ́ tí ọdẹ ti ń pa ẹran àti ìgbẹ́ tí à ń yà, ìpè kan náà ni wọ́n. Imí ni ohun náà ń jẹ́ ní tòótọ́, àmọ́ ọmọdé àti ẹni tó ń bú ènìyàn ló ń là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà á ní òun fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí kó kàn ní òun ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ewé tàbí ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi ń nùdí. Ti ọmọ ọwọ́, ajá ni wọ́n ń pè sí i.

Ìlú wá kún. Àwọn Òwu dé ní 1834, àwọn Sárò, ìyẹn àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n ti ń gbé ní Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti nǹkan bí 1839, nígbà tó sì fi máa di 1860, àwọn òyìnbó àlejò ti ń díwọ̀n èrò ibẹ̀ sí 60,000, àwọn mìíràn 100,000. Inú odi ni gbogbo wọn wà. Dahomey kógun wá ní 1851, ó tún padà wá ní 1864, ajínigbé sì wà lójú ọ̀nà oko. Ta ni inú máa run lóru tí yóò dá gba ẹnu odi jáde? Àkìtàn, orí àpáta àti etí odò ló kù. Ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, òjò á sì gbá ìyókù lọ sínú odò Ògùn.

Póò, garawa tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, tẹ̀lé òyìnbó dé, iṣẹ́ agbépóò sì tẹ̀lé póò. Èkó ni òkìkí wọn ti kàn jù. Òru ni wọ́n ń rìn, garawa lórí, aṣọ lójú kí ará ilé má baà dá wọn mọ̀. O kò gbọdọ̀ dímú níwájú wọn, áńbọ̀sì pé kí o pòṣé. Agbépóò tí a bá bú lè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ síwájú ilé ẹni tó bú u, kó sì máa lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ṣáláńgá ní tirẹ̀ kò fẹ́ agbépóò, ìyẹn ló jẹ́ kó tẹ́ onílé lọ́rùn. Òfin amúnisìn ló tì í wọ agboolé. Wolé-wolé á dé láàárọ̀, á yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, á bọ́ sẹ́yìnkùlé, ẹjọ́ sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ṣáláńgá kò lọ́jú: ihò jíjìn, igi gbọọrọ lójú rẹ̀, amọ̀ lórí igi, ojú ihò kékeré láàárín. Wọ́n ń da eérú sí i kó má baà rùn. Bó bá kún, wọ́n á dí i, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ nìyẹn o! Lábẹ́ Olúmọ, ihò tí kò jìn kì í pẹ́ kún, òmíràn kò sì ṣeé gbẹ́, àfi ẹni tó bá lè dáná lé àpáta títí tí yóò fi sán. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ agboolé fi ń pín ẹyọ kan lò, tí àwọn mìíràn kò sì ní rárá.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì olómi kò yanjú rẹ̀ tán. Sóòkàwéè, ihò tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí, fẹ́ ilẹ̀ tó ń fa omi, àpáta kì í fa omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí yíyàgbẹ́ síta dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi di 2025. Onílé abẹ́ Olúmọ tó bá fẹ́ tẹ̀lé àṣẹ náà, owó ẹ̀rọ tí ń lu àpáta ni yóò kọ́kọ́ wá.