Yíyí JPEG sí TIFF kì í dá ohun tó ti sọnù padà

"JPEG ni àwòrán mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti yí i sí TIFF, ó ti dáa báyìí." Oríṣi fáìlì àwòrán ni méjèèjì; TIFF lè pa àwòrán mọ́ láì dín nǹkan kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya àwòrán lábẹ́ máíkróskóòpù máa ń fi ìdánilójú sọ èyí, ó sì máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè bá a lọ. Gàrí kóńgò kan tí a dà sínú àpò ńlá, kóńgò kan náà ni.

Ohun tí JPEG ń ṣe ni pé ó ń gé àwòrán sí onígun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 8 níbùú, 8 lóròó, á wá da àwọn ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ tí ojú èèyàn kì í tètè rí nù, kí fáìlì lè fúyẹ́. Fún fọ́tò ìgbéyàwó, kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọn bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe tàn tó, àwọn ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ló ń wá.

Ti ìpele ìmọ́lẹ̀ ló tún wá burú jù. Kámẹ́rà bit 12 lè ya ìpele 4,096 sọ́tọ̀ láti dúdú dé funfun. JPEG tí gbogbo wa ń lò, 256 péré ló ń gbà. Bí a bá pín in dọ́gba, ìpele 16 tó yàtọ̀ síra á di ọ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di TIFF bit 16, àyè ìpele 65,536 ló ṣí sílẹ̀, àmọ́ 256 yẹn náà ló jókòó síbẹ̀, ìyókù ṣófo. Fáìlì náà á tóbi sí i, ìyẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá o: JPEG máa ń pàdánù díẹ̀ sí i nígbàkúùgbà tí a bá tún un ṣe tí a sì fi pamọ́. TIFF tí kò dín nǹkan kù á dá ìyẹn dúró.

Fáìlì tí máíkróskóòpù fúnra rẹ̀ kọ ni kí ẹ dì mú: CZI, ND2 tàbí LIF. ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo àwòrán tí a sì fi ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Bio-Formats, ń ṣí wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ̀n píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ò fi èyí ṣeré: láti 1981 ni FITS, irú fáìlì tiwọn, ti ń gbé àkọsílẹ̀ nípa àwòrán pọ̀ mọ́ àwòrán náà. Inú fáìlì àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ ti mú TIFF jáde. JPEG ló kẹ́yìn, fún síláìdì tí ẹ fẹ́ fi han ọ̀gá yín.