Mo Gbé Iṣẹ́ Sílẹ̀ Díẹ̀, Síbẹ̀ Orí Mi Ò Fúyẹ́: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì kan ní Abẹ́rẹ́, lẹ́bàá Òṣogbo níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo sì ń wà látàárọ̀. Tó bá di aago méjìlá, mo máa ń sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n fi wo fóònù. Bí mo bá padà sídìí iṣẹ́, àfi bíi pé n ò sinmi rárá. Ṣé ara mi ni ò yá ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ara yín le koko. Fóònù yẹn ni ká kọ́kọ́ bi. Ohun tí ojú àti ọpọlọ yín ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n tún ń ṣe nídìí rẹ̀: ẹ̀ ń kàwé, ẹ̀ ń fèsì, ẹ̀ ń bínú sí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ní 2009, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Sophie Leroy fi hàn pé bí èèyàn bá fi iṣẹ́ tí kò tíì parí sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ ṣì máa ń wà lórí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ráyè fèsì sí nígbà ìsinmi ti tún di ẹrù kan kún ẹrù ni.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kí ẹ tó dìde, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe bí ẹ bá padà sídìí iṣẹ́, ìlà kan péré: «ìlà 14 ni mo dé, owó oṣù Kẹta ló kù». Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ọkàn jọ̀wọ́ iṣẹ́. Ẹ fi fóònù sínú dúrọ́ọ̀, kì í ṣe àpò. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán, igi ló dáa jù. Iṣan tó ń mú kí ojú rí nǹkan ìtòsí á dẹ̀. Ẹ ṣẹ́jú dáadáa, torí a kì í ṣẹ́jú tó nídìí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ló ń gbẹ ojú.

Ẹ wá fi imú fa èémí sínú, ẹ tún fa díẹ̀ lé e, kí ẹ fi ẹnu tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ti ń fà á jù. Ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Ẹ mu omi, ó parí.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ yín. Ìwádìí tí Norman Mackworth gbé jáde ní 1948 fi hàn pé àwọn tó ń ṣọ́ ọwọ́ aago kan, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó bá fò, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ìfò náà lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́ àti 5 fún ìsinmi ni Francesco Cirillo ará Ítálì dábàá. Bí iṣẹ́ bá ń wọlé dáadáa, 50 àti 10 náà dáa; n ò rí ìdí tí a ó fi sọ ọ́ di òfin.

Ìbéèrè: Bàtíìkì, aṣọ tí à ń fi ìda àti aró ṣe ọnà sí, ni mo ń ṣe ní tèmi. Bí mo bá dìde, ìda á tutù.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó tutù! Ìda tó wà lórí iná láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè gbóná jù kó sì gbiná. Ẹ parí ojú iṣẹ́ kan, ẹ pa sítóòfù, ẹ sinmi. Bí ẹ bá dé, ẹ tún un yọ́, kí ẹ dán an wò lórí àkísà. Èyí tó gbóná tó á wọlé dé ẹ̀yìn aṣọ, ojú ibẹ̀ á dà bí èyí tó tutù fómi. Èyí tí ò gbóná tó á dì funfun sórí aṣọ, aró á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Àmì funfun yẹn gan-an ni ojú tó ti rẹ̀ kì í tètè rí.

Ìbéèrè: Ṣé ìrun Àìlà kà mọ́ ìsinmi?

Ìdáhùn: Ó kà. Ẹ dìde, ẹ fọwọ́ kan omi, fóònù ò sí lọ́wọ́. (Ti ẹ̀san rẹ̀, àáfà lẹ máa bi.) Àmọ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dìgbà yẹn ti jìn, ẹ mú díẹ̀ ṣáájú.

Ìbéèrè: Oorun ọ̀sán ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ẹ sì yí aago sí i. Bó bá kọjá 30, ẹ lè ti wọnú oorun ìjìnlẹ̀, orí á wúwo bí ẹ bá jí. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, ó lè dí oorun alẹ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Bí mo bá sáà jẹ obì?

Ìdáhùn: Káféènì tó wà nínú obì ń dí ọ̀nà tí àárẹ̀ ń gbà kéde ara rẹ̀ nínú ọpọlọ ni; àárẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó sì máa ń tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà èyí tí ẹ jẹ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì máa ku ìdajì láago mẹ́sàn-án alẹ́.