Bí lésà ṣe ń lu ihò sára ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ láìfọ́ ọ

Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tí wọ́n hú jáde lé ní 12,000. Púpọ̀ nínú wọn kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ló yọ́ gíláàsì yìí fúnra wọn ni, àbí oníṣòwò kan ló gbé e wá láti òkèèrè? Kò sí bí wọ́n ṣe lè dáhùn láìmọ ohun tó wà nínú gíláàsì náà gan-an. Ta ni yóò sì fẹ́ lọ ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ju 500 ọdún lọ lúbúlúbú nítorí àyẹ̀wò?

Lésà ni wọ́n lò, ní Field Museum ní Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sójú kan lára ìlẹ̀kẹ̀, ó sọ gíláàsì bíńtín di eruku, gáàsì sì gbé eruku náà lọ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe wúwo sí. Ihò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Kálísíọ̀mù àti álúmíníọ̀mù pọ̀ nínú gíláàsì náà lọ́nà tí ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù kì í gbà rí. Ifẹ̀ ló ṣe é.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò sì là. Ẹni tó bá ti da omi gbígbóná sínú ife gíláàsì tó tutù rí á mọ̀ pé nǹkan ìyanu nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni. Bí a bá pín sẹ́kọ́ǹdù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni máíkírósẹ́kọ́ǹdù. Bí a bá tún pín ẹyọ yẹn sí ẹgbẹ̀rún, nánósẹ́kọ́ǹdù nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀, tí kò sí ohun tó ń sáré tó o, á rin nǹkan bí 300 mítà ní máíkírósẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a tò tẹ̀ lé ara wọn. Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, nǹkan bí 100 máíkírósẹ́kọ́ǹdù ni. Ti ọkọ̀ yàtọ̀, ìyẹn kù sọ́wọ́ kòtò ojú ọ̀nà. Ní nánósẹ́kọ́ǹdù kan péré, ìmọ́lẹ̀ kò ní rìn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, gígùn rúlà ọmọ iléèwé.

Ooru ní tirẹ̀ kò mọ eré sá. Bí a bá fi odindi sẹ́kọ́ǹdù kan dáná sí ojú kan lára gíláàsì, ooru á ti wọ́ dé nǹkan bíi mílímítà kan síbi tí a ti dáná sí. Apá kan á máa wú, apá kejì á ṣì tutù, gíláàsì á sì là. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó dé tó sì lọ láàárín nánósẹ́kọ́ǹdù márùn-ún kò fún ooru láyè. Ibi tó bà á ti di eruku nígbà tí ooru kò tíì rìn ju bí ìdá kan nínú 10,000 mílímítà lọ.

Bí nǹkan ṣe kéré tó náà tún wà níbẹ̀. Òkèlè àmàlà kan á tutù kí a tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí wọ́n pọ́n sínú ọ̀rá sì lè jó ni lọ́wọ́ lẹ́yìn wákàtí kan. Ohun tó bá fẹ̀ ju òmíràn lọ ní ìlọ́po 10, ooru á pẹ́ lára rẹ̀ ní ìlọ́po 100. Ìṣirò yìí ni Rox Anderson àti John Parrish ní Amẹ́ríkà gbé ka awọ ara lọ́dún 1983. Hóró àwọ̀ dúdú inú awọ ara, tó tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, ooru á fi í sílẹ̀ láàárín nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdù kan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà á di ooru tirẹ̀ mú fún mílísẹ́kọ́ǹdù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdù) bíi mélòó kan. Èyí tí dókítà bá fẹ́ jó nínú méjèèjì ló ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ó tún kù síbì kan, torí dúdú awọ ara lè gba ìmọ́lẹ̀ náà kó tó dé ibi tí a rán an. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yan ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 1064 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà), tí awọ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi lésà yọ irun àgbọ̀n yẹ kó kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n ń lò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀? Lésà àkọ́kọ́, tí Theodore Maiman tàn ní California lóṣù Karùn-ún ọdún 1960, jẹ́ òkúta rúbì tí iná fíláàṣì yí ká. Kò kúrú tó. Lọ́dún 1962 ni Robert Hellwarth àti Fred McClung ti ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà lójú ọ̀nà.

Ẹ wo gọ́tà tí pàǹtí dí lójú òjò. Omi á máa ga lẹ́yìn pàǹtí náà. Ìgbà tí ẹnì kan bá fi igi fa pàǹtí yẹn kúrò, omi tó bú jáde lè gbé bàtà lọ lẹ́sẹ̀ ẹni. Bí lésà Nd:YAG, tí wọ́n fi orúkọ kírísítà inú rẹ̀ pè, ṣe ń ṣe nìyẹn. Iná fíláàṣì á rọ agbára sínú kírísítà kan tó rí bí igi pẹ́ńsù. Dígí wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, níbi tó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ máa lọ kó máa bọ̀, kó máa pọ̀ sí i. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín, kírísítà mìíràn tí iná mànàmáná ń darí, kò ní jẹ́ kó dé dígí, agbára á sì máa rọ́ jọ. Kì í rọ́ jọ títí o. Nǹkan bí 230 máíkírósẹ́kọ́ǹdù ni àwọn átọ́ọ̀mù ibẹ̀ lè di agbára mú kó tó jò dànù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn kó tó jò tán. Bí wọ́n bá ṣí i, ohun tí wọ́n fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún máíkírósẹ́kọ́ǹdù kó jọ á tú jáde láàárín nánósẹ́kọ́ǹdù díẹ̀.

Ojú ni irú lésà yìí ti sọ ara rẹ̀ di gbajúmọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ kátáráàtì fún lè ríran kedere fún ọdún kan tàbí méjì, kí ojú tún wá máa ṣe bàìbàì bí ìgbà ọyẹ́. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lẹ́ǹsì tuntun sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ṣú. Kò sí ìdí láti tún fi ọ̀bẹ kàn án. Aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, dókítà á fi iná pupa kékeré wá ojú ibẹ̀, nítorí ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ Nd:YAG fúnra rẹ̀, á wá tẹ̀ ẹ́: tà! Agbára inú ẹyọ kan lè jẹ́ mílíjúùlù méjì, ìyẹn agbára hóró ẹ̀wà kan tó bọ́ sílẹ̀ láti bíi mítà kan. Nígbà tí wọ́n kó o sínú nánósẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin, ó di 500,000 wáàtì, bí ẹni pé gẹ́nẹ́rétọ̀ kílówáàtì kan-kan 500 ń ké pọ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti pàdé lójú kan, á já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù, iná kékeré á ṣẹ́, ìgbì agbára rẹ̀ á sì fa àpò náà ya. Iwájú ojú tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà wọlé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti fẹ̀ jù.

Àwọn olùwádìí ń lo irú lésà yìí bíi fèrè rẹfirí, láti fi bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n fẹ́ ka àkókò rẹ̀. Gáàsì CO, tó wà nínú èéfín gẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń pa èèyàn mọ́lé, máa ń lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀, níbi tó yẹ kí ọ́síjìn wà. Ìmọ́lẹ̀ lésà lè gbá a dànù lẹ́ẹ̀kan. Iná mìíràn tó rọra ń tàn á máa ṣọ́ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń yí padà, ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé hẹmoglóbìn tí wọ́n gba gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀ á yí ìrísí rẹ̀ padà láàárín nǹkan bí 20 máíkírósẹ́kọ́ǹdù.

Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, ìgbà yẹn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Hẹmoglóbìn tí kò ní ọ́síjìn mọ́ á máa so kọ́ra wọn bí okùn, okùn náà á sì tẹ sẹ́ẹ̀lì pupa kọdọrọ bíi dòjé. William Eaton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi lésà gbá CO kúrò nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé okùn náà kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró ná. Bí hẹmoglóbìn bá ki nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdúró náà lè jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù mélòó kan. Bó bá ṣàn díẹ̀ sí i, ìdúró náà á gùn lọ jàn-ànràn. Nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdù kan sì ni sẹ́ẹ̀lì pupa fi ń la iṣan tó tín-ín-rín jù lọ nínú ara kọjá. Bí ìdúró bá gùn ju ìyẹn lọ, sẹ́ẹ̀lì á ti bọ́ sí iṣan tó gbòòrò, á ti kọrí sí ẹ̀dọ̀fóró lọ gba ọ́síjìn, kí okùn tó rí i mú. Omi tí wọ́n ní kí ọmọ SS máa mu látàárọ̀ dalẹ́, kí hẹmoglóbìn má baà ki ni.