Kí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára DNA, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dán an wò lórí HIV?

Nínú oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sí àwọn ọmọdé lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀, kòkòrò àrùn náà gan-an ló wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi HIV ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn, nítorí pé bí kòkòrò yìí bá ti wọ ara, inú àbùdá sẹ́ẹ̀lì wa ló ń lọ fara pamọ́ sí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí wọ́n sọ di aláìlágbára kò ní í padà gba agbára. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wá ọ̀nà láti júwe ọ̀tá fún ara láìjẹ́ kí ọ̀tá náà wọlé rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára DNA jẹ́ ọ̀kan lára irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

DNA ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì. Àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí máa ń mú ẹ̀dà apá kan lára àbùdá HIV, bí apá tó ń ṣe èèpo rẹ̀, wọn a tò ó sínú òrùka DNA kékeré kan tó ń jẹ́ plasmid, wọn a sì mú kí òrùka náà di púpọ̀ nínú bakitéríà kí wọ́n tó yọ ọ́ jáde. Bí wọ́n bá gún un sí iṣan apá, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò kà á bí ẹni ń ka àrokò, wọn yóò ṣe purotéènì tó júwe, àwọn ọmọ ogun ara yóò sì kọ́ bí wọ́n ṣe lè dá a mọ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké: àrokò tó ń kìlọ̀ ogun kì í ṣe ogun. Ìlànà odidi kòkòrò kò sí nínú abẹ́rẹ́ náà, nítorí náà kò lè kó HIV ran ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1990, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé DNA tí wọ́n gún sí iṣan eku lè mú kí iṣan náà ṣe purotéènì. Àjẹsára tí ọ̀nà yìí ń mú wá lágbára lára eku, ṣùgbọ́n lára èèyàn kò tó nǹkan, nítorí pé DNA gbọ́dọ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì kó sì dé àárín gbùngbùn rẹ̀, díẹ̀ ló sì ń débẹ̀. Wọ́n wá ń fi iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ kan ojú abẹ́rẹ́ kí ara sẹ́ẹ̀lì lè là fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi DNA ṣáájú, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ irú mìíràn tì í lẹ́yìn.

Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n dán wò nínú ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní HVTN 505, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009. Èèyàn 2,504 ló yọ̀ǹda ara wọn. Nǹkan bí ìdajì gba DNA lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì gba kòkòrò òtútù tí kò lè bí sí i mọ́, tó ru àbùdá HIV, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Àwọn yòókù gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ mọ èyí tí òun gbà, nítorí pé ẹni tó bá rò pé ààbò wà lórí òun lè yí ìwà rẹ̀ padà, àbájáde yóò sì dàrú. Ní oṣù kẹrin 2013, ìgbìmọ̀ olómìnira tó ń yẹ ìwé wò rí i pé láti ọ̀sẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wọ ìdánwò náà, èèyàn 27 ló kó HIV láàárín àwọn tó gba àjẹsára, 21 sì ni láàárín àwọn yòókù. Èyí fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà kò dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì dá a dúró. Ìdánwò PrEPVacc ní Uganda, Tanzania àti South Africa, tí DNA wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, dá abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dúró ní oṣù kọkànlá 2023.

Bí HIV ṣe ń pa àwọ̀ dà wà lára ohun tó sọ iṣẹ́ náà di líle. Èèpo irú HIV mẹ́ta, A, B àti C, ni wọ́n júwe nínú DNA ti HVTN 505, bẹ́ẹ̀ irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní CRF02_AG ló gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn irú tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tó wá láti Ìbàdàn dá mọ̀, tí wọ́n fi ń pe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní IbNG.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo olùyọ̀ǹda mọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé. Bí àjẹsára bá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àyẹ̀wò HIV tí wọ́n sábà máa ń ṣe lè sọ pé ó ní kòkòrò náà, nígbà tí kò ní in, nítorí ohun tí ara fi ń bá HIV jà ni àyẹ̀wò yẹn ń wá. Àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún un, ó sì lè pọn dandan fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí.