Ibi Tí Omi Ọ̀ṣun Ti Ń Rú

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, ní èèwọ̀ tirẹ̀: a kì í pa ẹja inú odò rẹ̀, a kì í sì í gé igi ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í dá amọ̀ tí àwọn awakùsà wúrà ń tú sódò dúró. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò náà ti ṣẹ̀ wá, kí ó sì tó dé Òṣogbo, àwọn ìṣàn kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti bọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn àfonífojì tí ó yí Iléṣà ká ní wúrà nínú òkúta wẹ́wẹ́ tí omi àtijọ́ kó jọ sábẹ́ amọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wà á yóò ṣán igbó etídò, yóò gbẹ́ amọ̀ kúrò, yóò sì fi ẹ̀rọ fa omi láti fọ òkúta náà lórí pátákó onídàgẹ̀rẹ̀. Wúrà wúwo, ó rọ̀ sórí pátákó; amọ̀ fúyẹ́, ó bá omi padà sódò.

Bí a bá bu irú omi bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, iyanrìn yóò rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà lè wà ní rírú títí di ọjọ́ kejì, àfi bí a bá ju álọ́ọ̀mù sí i bí a ti ń ṣe sí omi kànga. Nínú odò tí ń ṣàn, amọ̀ kò ráyè rọlẹ̀. Oòrùn kò ní ráyè wọ ìsàlẹ̀ omi kí ewé tí ẹja ń jẹ lè hù, ibi tí ẹja fi ń mí yóò dí, nígbà tí amọ̀ bá sì rọlẹ̀ níkẹyìn, orí ẹyin ẹja ni yóò bò.

Mẹ́kíúrì, irin olómi tí àwọn mìíràn fi ń mú wúrà, burú ju amọ̀ lọ, nítorí pé a kò fi ojú rí i nínú omi. Àwọn kòkòrò aláìfojúrí inú ẹrẹ̀ ń sọ ọ́ di májèlé tí ń wọ ara ẹja kékeré, ẹja ńlá sì ń kó o jọ láti ara wọn. Sísè tàbí yíyan kò lè mú un kúrò.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro láti ṣàlàyé, bí ó tilẹ̀ ń ná ènìyàn lówó. A ó fi igbó etídò sílẹ̀ kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú. A ó da omi ìfọwúrà sí kòtò, láti ọ̀kan sí èkejì, kí amọ̀ lè rọlẹ̀, omi kan náà ni a ó sì tún fi fọ̀. Kí òjò tó dé ni a gbọ́dọ̀ ti dí kòtò wọ̀nyí, nítorí èyí tí òjò bá bá ní ṣíṣí yóò kún àkúnya, amọ̀ tí ó ti rọlẹ̀ yóò sì tún wọ odò lóru ọjọ́ kan.